Ta Ló Já Ta Kulẹ̀?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún yín. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà tó wà lẹ́nu géètì wa, tí mo rí máṣíìnì mẹ́rin lórí ìlà, èyí tó ń dán ni mo máa ń yàn. Èyí tí àga rẹ̀ ti ya, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí, tí wọ́n fi rọ́bà so iná ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ra, màá ṣe bí ẹni pé mi ò rí i. Bí ẹni tó ni ín bá pè mí pé, "Brọ̀dá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," màá ní mò ń dúró de ẹnì kan. Irọ́ ni. Mi ò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo kàn gbà pé ohun tó bá ti gbó, ohun tó máa jáni kulẹ̀ ni.

Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ọmọ ọlọ́kadà ni mí. Máṣíìnì tó gbó ju gbogbo èyí tó wà ní géètì yẹn lọ ni bàbá mi fi ń ṣiṣẹ́. Owó tó ń pa ni wọ́n fi ra fọ́ọ̀mù JAMB mi, òun ni wọ́n fi san owó tí mo fi wọlé síbí. Bí ẹnikẹ́ni bá máa fojú tẹ́ńbẹ́lú máṣíìnì àtijọ́, kò yẹ kó jẹ́ èmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ bí ayé ṣe rí: ohun tó bọ́ni yó nílé, ojú rẹ̀ máa ń tini níta.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí. Bí ohun àtijọ́ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ta ló já ta kulẹ̀? Ṣé ohun náà ló já wa kulẹ̀ ni, àbí àwa la já a kulẹ̀? Ẹ má tíì sọ pé ọ̀rọ̀ mọ́kálíìkì lèyí, pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ná. Ó kàn wá.

Honda CG125 ni máṣíìnì bàbá mi. Tọ́kunbọ̀ ni wọ́n rà á ní Ìsẹ́yìn lọ́dún 2006, nígbà tí mi ò tíì tó ọmọ tó ń lọ síléèwé. Aago tó ń ka kìlómítà lára rẹ̀ kò ju nọ́ńbà márùn-ún lọ, ìyẹn ni pé bó bá ti ka 99,999, òdo ló máa padà sí. Mo wà ní JSS 2 lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Bàbá mi pè mí síta pé kí n wá wò ó. Gbogbo nọ́ńbà náà ti di òdo. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Wò ó, ó ti di ọmọ tuntun." Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí i tí wọ́n tún kúnlẹ̀ tì í, tí wọ́n ń tú ọ́ìlì rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń tú u tẹ́lẹ̀. Aago lè gbàgbé. Irin kì í gbàgbé ọ̀nà tó ti rìn.

Ẹ jẹ́ n sọ díẹ̀ nípa irú máṣíìnì yìí, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ti ṣẹ̀. Ọdún 1976 ni Honda gbé CG125 jáde. Àwọn máṣíìnì kékeré kan wà tí Honda ti ń ṣe ṣáájú, tó jẹ́ pé òkè pátápátá nínú ẹ́ńjìnnì ni irin tó ń ṣí fáàfù wà, tí ṣéènì tín-ín-rín kan sì ń yí i. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ dára, àmọ́ ó ń fẹ́ ọ́ìlì tó mọ́, tó ń gòkè dáadáa. Bí ọ́ìlì bá ti di ẹrẹ̀, òkè yẹn ló máa kọ́kọ́ jẹ. Honda sì ti rí i pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń ta máṣíìnì sí, ẹrù ń wúwo, eruku ń kù, àwọn ènìyàn kì í sì í yí ọ́ìlì lásìkò. Wọ́n bá gbé irin náà wá sísàlẹ̀ nítòsí ibi tí ọ́ìlì wà, wọ́n wá fi ọ̀pá gígùn méjì gbé agbára rẹ̀ gòkè lọ bá fáàfù. Wọ́n tún bo ṣéènì ẹ̀yìn yíká kí eruku má baà jẹ ẹ́. Lọ́dún 1976 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Manaus nílẹ̀ Bùràsíìlì. Nígbà tó yá, àwọn ará Ṣáínà náà ń ṣe ẹ́ńjìnnì tó jọ ọ́, débi pé lára àwọn ọ̀kadà tí ẹ ti gùn rí, ọ̀pọ̀ ni ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Àwọn kan jókòó sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n ro ti àìbìkítà wa mọ́ ọn, wọ́n sì ṣe irin tó lè fara dà á. Wọ́n ti dárí jì wá ká tó ṣẹ̀.

Ṣé ẹni tó máa ń dárí jini ló wá yẹ ká máa ṣẹ̀ jù lọ? Ẹ má tíì dáhùn, ẹ wo ara yín ná. Ọ̀rẹ́ tó máa ń fa wàhálà, ọjọ́ tó dá la máa ń san owó rẹ̀. Èyí tó máa ń sọ pé, "Kò burú, ìgbà tó o bá rí i," òun là ń jẹ ní gbèsè títí di ọjọ́ tí a fi ń ṣe ìdánwò àṣekágbá. Olùkọ́ tó le, iṣẹ́ rẹ̀ la kọ́kọ́ ń ṣe. Ìyá tí kì í ráhùn, òun ni a kì í pè lórí fóònù. Sùúrù ẹlòmíràn ti di àyè tí a fi ń ṣọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe sí irin yìí: nítorí pé ó lè fara da ọ́ìlì burúkú, wọ́n ń fún un ní ọ́ìlì burúkú jẹ títí ayé.

Bàbá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, bí wọ́n bá ti kírun Aláásárì tán, àsìkò máṣíìnì ló kù. Ọ́ìlì rẹ̀ kò ju bíi lítà kan lọ, èyí ló sì fà á tí kò fi yẹ kéèyàn fi ṣeré, torí ohun tó kéré kì í pẹ́ dọ̀tí. Wọn kì í tú u dànù lásán. Wọ́n á fi ìka méjì ra á, wọ́n á gbé e sí oòrùn, wọ́n á máa wá bóyá ohun kan ń dán nínú rẹ̀. Bí irin bá ti wà nínú ọ́ìlì, nǹkan kan ti ń jẹ nǹkan kan nínú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Máṣíìnì yìí kò ní fíltà bébà tí èèyàn ń rà ní ṣọ́ọ̀bù. Asẹ́ kékeré kan ló ní nísàlẹ̀, àti àwo kan tó ń yí bírí, tó ń ju ìdọ̀tí sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Èèyàn lè gùn ún lọ́dún mẹ́wàá kó má mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Bàbá mi máa ń ṣí wọn, wọ́n á fi bẹntiróòlù fọ̀ wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni tápẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Àlàfo tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò ju 0.08 mìlímítà lọ. Bébà tí wọ́n fi ṣe fọ́tókọ́pì ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí nípọn jù bẹ́ẹ̀. Bí àlàfo náà bá fẹ̀ jù, ẹ ó máa gbọ́ tí orí ẹ́ńjìnnì ń ta kẹ́kẹ́kẹ́. Bó bá há jù, kò ní pariwo rárá, fáàfù kò kàn ní í lè padé tán, iná á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi ní èyí tí kò pariwo yẹn ló burú jù. Wọ́n á tún yọ pulọ́ọ̀gì, wọ́n á wo ojú rẹ̀. Bó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, ara ẹ́ńjìnnì dá. Bó bá dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, epo ti pọ̀ jù tàbí kó máa mu ọ́ìlì. Bó bá funfun, ooru ń mú un jù. Bí dókítà ṣe ń wo ahọ́n aláìsàn náà ni.

Ṣéènì ló kẹ́yìn. Wọ́n á yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi ìka gbé ṣéènì sókè wò, torí ṣéènì tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í gùn dọ́gba. Ó lè le níhìn-ín kó sì dẹ̀ lọ́hùn-ún. Bíi ìbú ìka kan ló yẹ kó máa lọ sókè sódò. Wọ́n á wo irin eléyín tí ṣéènì ń rìn lé lórí. Bí eyín rẹ̀ bá ti tẹ̀ bí èékánná àwòdì, ó ti parí nìyẹn, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì lẹ́ẹ̀kan náà, torí eyín àtijọ́ ló máa ń jẹ ṣéènì tuntun. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n á mú ìwé ẹ́kísáàsì kan tí èpo rẹ̀ ti já, wọ́n á kọ ọjọ́, kìlómítà, àti ohun tí wọ́n ṣe. Ìlà kan péré. Ìwé kẹta nìyẹn, àwọn méjì àkọ́kọ́ ti kún.

Ó yẹ kí n ti kọ́ gbogbo èyí. Mo sì rò pé mo ti kọ́ ọ, torí mo mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, àwa akẹ́kọ̀ọ́: ohun tí a bá ti lè sọ, a ti gbà pé a lè ṣe é.

Lópin oṣù karùn-ún ọdún 2023, mo wà nílé fún ìsinmi. Ẹsẹ̀ ń dun bàbá mi, wọn ò lè gun máṣíìnì. Èmi ni mo gbà á gùn kí oúnjẹ má baà wọ́n nílé. Àsìkò yẹn gan-an ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Bẹntiróòlù tí à ń rà ní ohun tí kò tó ₦200 fún lítà kan fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Gbogbo kọ́bọ̀ tó yẹ kí n yà sọ́tọ̀ fún ọ́ìlì àti ṣéènì, epo ni mo fi rà. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, mo ní ó rẹ̀ mí. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, bọ́ọ̀lù wà. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, ṣéènì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìbòrí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá dẹwọ́: kà-kà-kà, kà-kà-kà. Mo gbọ́ ọ o. Mi ò ní purọ́ fún yín pé mi ò gbọ́. Mo ki ẹ̀rọ orin bọ etí.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gbé màmá kan láti Adó-Àwáyè bọ̀ wá sí Ìsẹ́yìn. Wọ́n gbé agbọ̀n ata sáàárín wa. Kí wọ́n tó gùn ún, wọ́n wo máṣíìnì náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ó máa gbé wa délé?" Mo ní, "Ẹ gùn ún, Màmá. Kò séwu." Ní ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, ṣéènì já. Kò já bọ́ sílẹ̀. Ó ká mọ́ irin eléyín, táyà ẹ̀yìn sì há gbagidi. A yọ̀ lọ lórí ọ̀dà bí ẹní ń yọ̀ lórí ẹrẹ̀. Orúnkún mi bó. Ọrùn ọwọ́ màmá ṣẹ́. Ata bo gbogbo ojú títì.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi sí àwọn tó sáré wá bá wa nìyí: "Máṣíìnì yìí ló já wa kulẹ̀." Màmá yẹn jókòó sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan di ọwọ́ kejì mú, wọ́n wò mí. Wọn ò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi ní kí n gbé ṣéènì náà wá. Wọ́n fi ìka ra á, kò sí ọ́ìlì níka wọn. Ó gbẹ bí egungun. Wọ́n bi mí pé, "Ọjọ́ wo ló ti ń dún?" Mo ní ọjọ́ Ajé ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ látọjọ́ Ajé. Kí lo dá a lóhùn?"

Kò sí ohun tí mo lè sọ. Wọn ò sì tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Àgbò tí wọ́n ti ń sìn fún Iléyá ni wọ́n tà tí wọ́n fi tọ́jú ọwọ́ màmá yẹn, tí wọ́n sì san owó ata. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Iléyá dé. Aládùúgbò ló gbé ẹran fún wa jẹ.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó. Báwo ni máṣíìnì ṣe lè já èèyàn kulẹ̀? Kéèyàn tó lè jáni kulẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ ṣèlérí. Irin kì í ṣèlérí. Nígbà tí màmá bèèrè pé ṣé ó máa gbé wa délé, kì í ṣe máṣíìnì ló dáhùn pé kò séwu. Èmi ni. Kì í ṣe irin ni wọ́n fọkàn tán, ènìyàn tó wà lórí irin ni. Bí a bá ní ohun kan ṣeé fọkàn tán, ohun tí à ń sọ gan-an ni pé ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í sùn. Bàbá mi ní orúkọ tí wọ́n ń pe èyí: àmánà. Ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ rẹ nìyẹn, tí wọn yóò bi ọ́ léèrè lórí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé máṣíìnì ni àmánà tí wọ́n fi síkàáwọ́ mi. Ó wá yé mi pé ọwọ́ màmá yẹn náà wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń ka ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò orí. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún un, ohun tó kọ́kọ́ fò mọ́ ọn lọ́kàn ni ọkọ̀ ojú omi Theseus. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì náà mọ̀ ọ́n: Plutarch kọ ọ́ pé àwọn ará Áténì tọ́jú ọkọ̀ akọni yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí pákó kan bá jẹrà, wọ́n á fi tuntun rọ́pò rẹ̀, títí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn bóyá ọkọ̀ àkọ́kọ́ náà ṣì ni tàbí òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Máṣíìnì bàbá ẹ náà ń kọ́? Kí ló kù nínú rẹ̀?" Mo kà á fún un. Wọ́n ti tún inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n fi písítìn tó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i, 0.25 mìlímítà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 0.50. Wọ́n ti pààrọ̀ táǹkì, àga, táyà méjèèjì, iná, kábúrétọ̀, sàlẹ́ńsà. Egungun rẹ̀ àti èèpo ẹ́ńjìnnì ló kù. Ó ní, "Ó wá dáa. Ṣé òun náà ṣì ni?"

Ká ní ó bi mí ṣáájú ọdún 2023 ni, ǹ bá bá a jiyàn lórí ẹ̀yà wo ló ṣe pàtàkì jù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún un. Ní gbogbo ọdún tí bàbá mi fi ń pààrọ̀ ẹ̀yà rẹ̀, máṣíìnì kan náà ni. Ẹni tó bá gùn ún lọ́dún 2010 tó sì tún gùn ún lọ́dún 2020, ohun kan náà ló gùn: ohun tó ń gbéni délé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ mi, a kò pààrọ̀ bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lára rẹ̀, síbẹ̀ ó ti di máṣíìnì mìíràn. Ohun tí kò yí padà tẹ́lẹ̀ kì í ṣe irin. Ọwọ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ọwọ́ yẹn kúrò lára rẹ̀ ni ọkọ̀ Theseus tiwa rì.

Ọ̀rẹ́ mi ò gbà bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, "Ìṣẹ́ lo ń wọ̀ láṣọ ìwà. Ká ní bàbá ẹ lówó ni, wọn ì bá ti ra tuntun." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, àmọ́ òótọ́ wà nínú rẹ̀. A kì í ṣe olówó. Owó tó ń ra máṣíìnì tuntun nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, lónìí kò lè ra ààbọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìṣẹ́ nìkan ni, ó yẹ kí gbogbo tálákà máa tọ́jú nǹkan bí bàbá mi. Aládùúgbò wa kan ra máṣíìnì tuntun, ọ̀rá ṣì wà lórí àga rẹ̀. Kò pé ọdún méjì tó fi ń rú èéfín búlúù bí ẹni ń sun koríko tútù, torí kò yí ọ́ìlì rẹ̀ rí, ńṣe ló ń bu kún un. Ìṣẹ́ lè fipá mú èèyàn lo ohun àtijọ́. Kò lè fipá mú un fetí sí i.

Àmọ́ ìbéèrè kan le ju ti ọ̀rẹ́ mi lọ, èmi fúnra mi ni mo bi ara mi. Ẹni tó ń lo ohun àtijọ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀mí ẹlòmíràn ló ń fi ṣòwò? Ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà: kì í ṣe gbogbo ohun tó gbó ló yẹ ká máa tún ṣe. Ibi tí mo ti rí ìdáhùn ni inú ìwé ẹ́kísáàsì bàbá mi. Mo jókòó kà á tán lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn. Mo rí i pé wọ́n ní sùúrù fún àwọn ẹ̀yà kan, wọn ò sì ní sùúrù kankan fún àwọn mìíràn. Wọ́n lo kábúrétọ̀ kan títí ó fi di alámùpé. Wọ́n ti pulọ́ọ̀gì títí. Ṣùgbọ́n bàtà bíréèkì, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ kó tó jẹ tán. Táyà, kí ojú rẹ̀ tó dán. Wáyà bíréèkì, bí fọ́nrán kan ṣoṣo bá ti já nínú rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Mo bi wọ́n pé kí ló fa ìyàtọ̀. Wọ́n ní, "Ohun tó máa dá mi dúró sójú ọ̀nà, mo lè bá a fà á. Ohun tí kò ní jẹ́ kí n lè dúró, mi ò ní gbà fún un."

Ẹ tún un gbọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó tì í, ẹ ó pẹ́ délé. Ìyà náà, ti ẹni tó ni máṣíìnì ni. Bí bíréèkì bá kọ̀ tàbí ṣéènì ká mọ́ táyà, ìyà náà lè jẹ́ ti ẹni tó kàn san owó pé kí ẹ gbé òun délé. Èèyàn lè fi ohun tí í ṣe tirẹ̀ dán an wò. Kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ohun tí í ṣe ti ẹlòmíràn dán an wò. Ibi tí mo ti rò pé mò ń ṣún owó ná, ara màmá onílé-onílé ni mò ń ná.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ òbí nìkan la máa ń lò ó. Ṣùgbọ́n máṣíìnì náà ti fún wa lọ́mú. Ìgbà tó wà lágbára, ó gbé wa láìbèèrè púpọ̀. Ní báyìí, ó ń bèèrè: ọ́ìlì ní kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀, etí tó ṣí ju ti tẹ́lẹ̀. Àgbàlagbà kì í ṣe aláìsàn. Ohun tó fi yàtọ̀ sí ọmọdé ni pé àṣìṣe rẹ̀ kì í ní àyè púpọ̀ mọ́. Bàbá mi náà ti sọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ máa parí: ọjọ́ tí wọ́n bá rí ìlà sísán lára egungun rẹ̀, wọ́n ní àwọn á tẹ́ ẹ sílẹ̀, àwọn ò ní jó o pọ̀ kí àwọn tún fi gbé èèyàn. Mímọ ìgbà tó yẹ ká dáwọ́ dúró, ara ìtọ́jú náà ni.

Mo lọ kí màmá yẹn ní Adó-Àwáyè kí n tó padà síléèwé. Ọwọ́ wọn ti ń san, àmọ́ wọn ò tíì lè fi gún ata. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ forí jì mí. Kì í ṣe máṣíìnì ló já wa kulẹ̀." Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ìwọ ni mò ń dúró dè kó o mọ̀." Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n gbé ẹ̀kọ fún mi jẹ.

Ní báyìí, bí mo bá dé ẹnu géètì, mi ò wo ọ̀dà mọ́. Mo máa ń tẹ̀ ba wo ṣéènì, kí n wo ojú táyà, kí n wá wo ojú ẹni tó ni ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gun èyí tí wọ́n fi rọ́bà so iná rẹ̀ mọ́ra yẹn. Ṣéènì rẹ̀ ń dán fún ọ́ìlì. Mo bi bàbá tó ni ín pé láti ìgbà wo ni máṣíìnì yìí ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ o, ọmọ mi. Òun àti èmi la jọ ń gbọ́ ti ara wa." A délé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ti ń dún létí yín látọjọ́ Ajé?